ILÉ NI ÀBỌ̀SINMI OKO: Ẹ̀KỌ́ LÁTI ARA ÀGA ÀTI ÀTÙPÀ ÀWỌN ARÁ SKANDINÉFÍÀ

Àwọn baba wa ní ilé ni àbọ̀sinmi oko. Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ìbáà ṣe àgbẹ̀ tí ó ti oko dé, ìbáà ṣe akọ̀wé tí ó ti ọ́fíìsì dé, ìbáà sì ṣe oníṣòwò tí ó ti ọjà dé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọlé tán, tí àga tí ó jókòó lé ń dùn ún lẹ́yìn, tí iná tí ó tàn sì ń ta sí i lójú, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó ti sinmi? Ìbéèrè yìí ni àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ní ìhà àríwá Yúróòpù gbé yẹ̀ wò fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìdáhùn tí wọ́n fún un ti dé ilé ìwòsàn, ó ti dé ilé òṣìṣẹ́, ó sì ti dé gbọ̀ngàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí ni ó wà ní ìdálẹ̀, nínú ilé àyágbé, tí ẹ ń kó ẹrù láti ìlú kan dé èkejì bí iṣẹ́ bá ti gbé yín. Ẹni tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àga àti àtùpà kàn jù lọ, nítorí òun ni ó ń san owó ọkọ̀ lórí ohun tí ó rà, òun náà sì ni ó ń sọ yàrá àjèjì di ilé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan ni a fẹ́ sọ.

ÀWỌN ILẸ̀ TÍ ÒÒRÙN Ń ṢE AHUN SÍ

Dẹ́nmáàkì, Swídìn àti Nọ́wè ni à ń pè ní Skandinéfíà gan-an. Fínlándì jẹ́ aládùúgbò wọn, a sì máa ń ka iṣẹ́ ọnà rẹ̀ mọ́ tiwọn. Ohun kan tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ìgbà òtútù wọn gùn, ó sì ṣókùnkùn. Ní Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́nmáàkì, ojúmọmọ kì í ju bí wákàtí méje lọ láàárín oṣù Kejìlá. Ní Stockholm, olú-ìlú Swídìn, kì í ju bí wákàtí mẹ́fà lọ. Bí ènìyàn bá tún gòkè lọ títí dé Tromsø ní Nọ́wè, láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kìn-ín-ní, òòrùn kì í yọ rárá. Ẹ fi èyí wé ilẹ̀ tiwa, níbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yípo ọdún.

Ẹni tí òtútù àti òkùnkùn bá sé mọ́lé fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí ó wà nínú ilé rẹ̀. Orí àga ni ó ti ń jẹun, tí ó ti ń kàwé, tí ó ti ń gba àlejò; àtùpà ni òòrùn rẹ̀. Bí igi kò bá sì wọ́n wọn, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún sì ti sọ iṣẹ́ káfíńtà di iṣẹ́ tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, kò yẹ kí ó yani lẹ́nu pé ibẹ̀ ni èrò tuntun nípa ohun èlò ilé ti hù jáde.

Ohun kejì tí ó ràn án lọ́wọ́ ni èrò àwọn ènìyàn wọn nípa ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 1899, obìnrin òǹkọ̀wé kan ní Swídìn, Ellen Key, tẹ ìwé kan jáde tí a lè pe àkọlé rẹ̀ ní Ẹwà Fún Gbogbo Ènìyàn. Kókó ohun tí ó sọ ni pé ẹwà kì í ṣe ohun tí a ń fi owó rẹpẹtẹ rà, àti pé ohun tí ó bá ṣe iṣẹ́ tí a rà á fún dáadáa, tí kò sì ní àṣejù nínú, ti lẹ́wà. Ẹ pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́, nítorí a óò padà fi í díwọ̀n àwọn tí ó tẹ̀lé e.

ỌKÙNRIN TÍ Ó BÁ GÍLÓÒBÙ JÀ

Ní ọdún 1894 ni wọ́n bí Poul Henningsen ní Dẹ́nmáàkì. Àwọn ènìyàn a máa fi lẹ́tà méjì tí ó ṣáájú orúkọ rẹ̀, PH, pè é. Nígbà tí ó wà ní kékeré, àtùpà elépo ni wọ́n ń tàn nílé. Ìmọ́lẹ̀ irú àtùpà bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó tutù lójú, gbogbo ará ilé a sì pagbo yí i ká. Nígbà tí iná mànàmáná dé, inú gbogbo ènìyàn dùn. Wọ́n so gílóòbù kọ́ àárín àjà, wọ́n sì rò pé wàhálà òkùnkùn ti dópin. Henningsen kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé gílóòbù tí ó wà níhòòhò ń ta sí ojú, pé ó ń ba àwọ̀ ojú ènìyàn jẹ́, ó sì ń ju òjìji dúdú sí gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ẹyinjú ènìyàn ní ihò kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ojú bá pàdé ìmọ́lẹ̀ líle, ihò yìí a fún. Bí ó bá wà níbi tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, a là. Nígbà tí gílóòbù bá kọjú sí ènìyàn kòrókòró, ihò ojú a fún nítorí gílóòbù náà, ìyókù yàrá a sì wá dà bí ẹni pé ó ṣókùnkùn. Onílé a rò pé iná kò tó, a ra gílóòbù tí ó lágbára jù ú lọ, owó iná a lé sí i, ojú a sì túbọ̀ máa ro ó. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìríran kò sí.

Ọ̀nà àbáyọ tí Henningsen rí kì í ṣe pé kí á fi agbára kún iná, bí kò ṣe pé kí á darí ìmọ́lẹ̀ tí ó wà. Ó fi ìbòrí mẹ́ta tí ó dà bí àwo sí ara àtùpà kan: èyí tí ó tóbi jù wà lókè, èyí tí ó tẹ̀lé e wà láàárín, èyí tí ó kéré jù wà nísàlẹ̀. Bí a bá ka fífẹ̀ àwo òkè sí mẹ́rin, ti àárín yóò jẹ́ méjì, ti ìsàlẹ̀ yóò sì jẹ́ ọ̀kan. Kò fi ojú díwọ̀n bí wọn yóò ti tẹ̀. Ìṣirò ni ó fi yà á. Ó tẹ̀lé irú ìlà tí ń yí láti inú bọ́ sí ìta bí ìkarahun ìgbín, tí ó fi jẹ́ pé ibi yòówù kí ìmọ́lẹ̀ ti kan àwo, igun kan náà ni yóò fi kàn án, yóò sì tàn ká wọ́ọ́rọ́wọ́. Gílóòbù fúnra rẹ̀ fara pamọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ojú ń rí.

Ní ọdún 1925 ni àtùpà Henningsen, tí ilé iṣẹ́ Louis Poulsen ní Copenhagen bá a ṣe, gba àmì ẹ̀yẹ níbi ìpàtẹ ńlá iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣe ní Paris. Ní ọdún kejì rẹ̀, ìyẹn 1926, ni oríṣi alàwo mẹ́ta tí ayé wá mọ̀ ọ́n mọ́ jáde. Lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ní 1958, ó tún gbé òmíràn jáde tí wọ́n pè ní PH 5, nítorí pé ìbòrí rẹ̀ tí ó tóbi jù fẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà. Ó kun inú rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa àti búlúù kí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ lè bá ojú mu, ó sì ṣe é débi pé irú gílóòbù yòówù tí onílé bá fi sínú rẹ̀, kò ní fọ́ni lójú. Orí tábìlì oúnjẹ ni wọ́n sábà máa ń so ó kọ́, kì í ṣe lókè téńté lábẹ́ àjà, bí kò ṣe bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ojú tábìlì. Bí ẹ bá wọ ilé àwọn ará Dẹ́nmáàkì, ẹ kò ní pẹ́ kí ẹ tó rí ọ̀kan.

Ìtàn kan wà tí ó fi hàn pé ọgbọ́n dídarí ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ lásán. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Dẹ́nmáàkì, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ìlú wà nínú òkùnkùn ní òru, kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má ba à mọ ibi tí yóò ju bọ́ǹbù sí. Ọgbà ìgbafẹ́ Tivoli, tí ó wà ní àárín Copenhagen, bọ́ sínú ìṣòro, nítorí alẹ́ ni àwọn ènìyàn ń wá síbẹ̀. Henningsen, tí ó jẹ́ ayàwòrán-ilé fún ọgbà náà nígbà náà, ṣe àtùpà kan ní ọdún 1941 tí gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí ìsàlẹ̀, tí ẹni tí ó wà lókè kò sì lè rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbà náà ṣe ń ṣí títí di ọ̀gànjọ́ nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Ní ọdún 1943, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn Júù, Henningsen àti Arne Jacobsen, ayàwòrán-ilé tí ó jẹ́ Júù, wa ọkọ̀ ojú omi kékeré sá kọjá sí Swídìn ní òru.

Henningsen nìkan kọ́ ni ó ronú nípa ìmọ́lẹ̀. Ní Nọ́wè, Jac Jacobsen gbé àtùpà alápá kan jáde ní ọdún 1937, tí ó pè ní Luxo L-1. Okùn irin onísípíríǹgì ni ó mú kí apá rẹ̀ máa dúró síbi tí a bá tì í sí, gẹ́gẹ́ bí apá ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán-ilé tàbí ní ilé ìwòsàn yóò mọ irú àtùpà bẹ́ẹ̀. Ní Dẹ́nmáàkì kan náà, ìdílé Klint ń fi ọwọ́ ká bébà líle ní pele-ń-pele bí aṣọ tí a ṣẹ́, wọ́n sì ń fi ṣe ìbòrí àtùpà. Ohun ìdárayá inú ẹbí ni ó kọ́kọ́ jẹ́, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ Le Klint ní ọdún 1943. Títí di òní, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a.

ÀGA TÍ Ó MỌ ÌWỌ̀N ARA

Bí a bá kúrò lórí ìmọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ọmọ ìdílé Klint yìí kan náà. Kaare Klint ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ohun èlò ilé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ọba fún iṣẹ́ ọnà ní Copenhagen ní ọdún 1924. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í ṣe bí a ti ń fín igi, bí kò ṣe bí a ti ń fi ìwọ̀n mú nǹkan. Kí ni gígùn itan ènìyàn? Báwo ni ẹ̀yìn ti ń tẹ̀ bí ènìyàn bá jókòó? Ẹ̀wù mélòó ni ó ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, báwo ni ó sì ti gbòòrò tó bí a bá ká a? Nígbà tí wọ́n bá mọ èyí tán ni wọn yóò tó fọwọ́ kan pákó.

Klint kò kẹ́gàn ohun àtijọ́. Ó gbà pé bí àwọn tí ó ti kú bá ti yanjú ìṣòro kan, ìwà òmùgọ̀ ni kí á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1933 ó ṣe àga kan tí a lè tú palẹ̀ kí a sì tún tò pọ̀ láìlo irinṣẹ́ kankan. Àwòṣe tí ó lò ni àga tí àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ń gbé kiri ní Íńdíà. Igi àti awọ ni wọ́n fi ṣe é, ìwúwo ara ẹni tí ó jókòó sì ni ó ń di àwọn oríkèé rẹ̀ mú. Bí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ bá ga ju èkejì lọ, àga náà a fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó ń ṣí kiri ni a ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún.

Láti ọdún 1927 títí di 1966, ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà Copenhagen ń ṣe ìpàtẹ lọ́dọọdún, níbi tí ọ̀mọ̀wé ayàwòrán àti ọ̀gá káfíńtà ti ń pawọ́ pọ̀ ṣe nǹkan tuntun. Ẹni tí ó mọ̀wé kọ́ láti ara ẹni tí ó mọ igi; ẹni tí ó mọ igi kọ́ láti ara ẹni tí ó mọ̀wé. Ibẹ̀ ni orúkọ Hans Wegner ti là. Ọmọ alábàtà ni Wegner, ní ìlú kékeré Tønder. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14 ni ó wọ iṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí yóò fi kú ní ọdún 2007, ó ti ya àga tí ó lé ní 500.

Ní ọdún 1949 ni ó ya àwọn méjì tí ó gbajúmọ̀ jù. Èkínní ni àga olóbìírí tí apá àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ igi kan ṣoṣo lójú ẹni tí ó bá ń wò ó. Nígbà tí John Kennedy àti Richard Nixon ṣe àríyànjiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, kí wọ́n tó dìbò yan olórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú àga yìí ni wọ́n gbé fún wọn. Èkejì ni èyí tí igi ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí lẹ́tà Y, tí ilé iṣẹ́ Carl Hansen & Søn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 1950 tí kò sì tíì dáwọ́ dúró. Bí 120 mítà okùn tí a fi bébà lọ́ ni ó ń lọ sí ìjókòó ẹyọ kan, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń hun ún. Kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀. Bí a ti so igi pọ̀ gan-an ni ọ̀ṣọ́ rẹ̀.

Igi tíìkì, èyí tí àwa náà ń gbìn ní ilẹ̀ wa, wà lára igi tí wọ́n lò jù ní Dẹ́nmáàkì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Kì í hù níbẹ̀; láti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti ń kó o wọlé. Igi ọlọ́nà jíjìn ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi kún un ni ó sọ ọ́ di ọrọ̀.

ÀGA TÍ Ó Ń RAN ALÁÌSÀN LỌ́WỌ́ LÁTI MÍ

Ní Fínlándì, Alvar Aalto ni orúkọ tí ó ga jù. Wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ìwòsàn fún un ní Paimio, fún àwọn tí ikọ́ fée ń bá jà, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1933. Nígbà náà, oògùn tí ń pa kòkòrò àìsàn náà kò tíì sí. Ìsinmi, afẹ́fẹ́ tútù àti ìtànṣán òòrùn ni ìtọ́jú tí ó wà. Aalto ronú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dùbúlẹ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dúró. Ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí ó ṣú kun àjà, nítorí àjà ni aláìsàn ń wò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó gbé iná kúrò níbi tí yóò ti máa ta sí ojú ẹni tí ó wà lórí ibùsùn. Kódà ó ṣe àwo ìfọwọ́ tí omi kì í pariwo bí ó bá ń dà sínú rẹ̀, kí ẹni tí ó ń sùn má ba à jí.

Àga tí ó ṣe fún wọn ni a mọ̀ sí àga Paimio. Nígbà náà, irin oníhò ni àṣà tuntun ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n Aalto ní irin tutù sí ara, ó sì ń kọ mọ̀nà sí ojú. Ó kó pákó birch fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ, ó fi àtè lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ó tẹ̀ wọ́n bí ẹní tí a ká, ó sì dá ẹ̀yìn àga náà sí ìwọ̀n tí yóò jẹ́ kí àyà aláìsàn là kí ó lè mí dáadáa. Ní ọdún 1933 kan náà ni àpótí ìjókòó rẹ̀ tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta jáde. Ó la orí ẹsẹ̀ rẹ̀ sí tín-ín-rín, ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àtè há àárín rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọ abẹ́ ìjókòó láìsí pé a gbẹ́ oríkèé. Bí a bá fẹ́ gbálẹ̀, a lè to wọ́n lé ara wọn lórí.

Aalto kò dá nìkan ṣe é. Ìyàwó rẹ̀, Aino, tí ó kú ní ọdún 1949, jẹ́ ayàwòrán bíi tirẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn mẹ́rin tí ó dá ilé iṣẹ́ Artek sílẹ̀ ní Helsinki ní ọdún 1935. Ilé iṣẹ́ náà wà títí di òní.

GBỌ̀NGÀN TÍ WỌ́N TI SỌ Ọ̀RỌ̀ ILẸ̀ WA

Iṣẹ́ ọnà yìí kan wa ní ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ní New York, àwọn ará Skandinéfíà ni ó ṣe inú gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ mẹ́ta. Arnstein Arneberg ti Nọ́wè ṣe ti Ìgbìmọ̀ Ààbò, Sven Markelius ti Swídìn ṣe ti Ìgbìmọ̀ Ọrọ̀-Ajé àti Ìgbé-Ayé, Finn Juhl ti Dẹ́nmáàkì sì ṣe ti Ìgbìmọ̀ Àgbàtọ́, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí a fi sábẹ́ ìtọ́jú ìjọba mìíràn títí wọn yóò fi lè dá dúró. Juhl fúnra rẹ̀ ni ó ya àga inú rẹ̀.

Ilẹ̀ Togo tí ó wà lábẹ́ Faransé, tí ó gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1960, wà lára àwọn tí ìgbìmọ̀ náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àríwá Kamẹrúùnù, tí ó dìbò ní oṣù Kejì ọdún 1961, tí ó sì dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Mubi tàbí ní Gembu lónìí, orí ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá níwájú ìgbìmọ̀ yẹn ni ẹ wà. Ní ọdún 1994 ni ìgbìmọ̀ náà dá iṣẹ́ dúró, nígbà tí Palau, ilẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn, bọ́ kúrò lábẹ́ àgbàtọ́.

ẸWÀ FÚN TA NI?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sórí ọ̀rọ̀ Ellen Key. Ǹjẹ́ ẹwà yìí dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn lóòótọ́?

Àwọn kan sapá gidigidi. Ní Dẹ́nmáàkì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FDB gba Børge Mogensen, akẹ́kọ̀ọ́ Klint, sí iṣẹ́ ní ọdún 1942, kí ó máa ya ohun èlò tí òṣìṣẹ́ tí ó ń gbé yàrá kékeré lè rà. Àga rẹ̀ tí ń jẹ́ J39, tí ó jáde ní ọdún 1947, ni àwọn ènìyàn sọ ní àga ará ìlú. Arne Jacobsen ṣe àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ọdún 1952 fún yàrá oúnjẹ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ oògùn Novo. Pákó kan ṣoṣo tí a tẹ̀ ni ó jẹ́ ìjókòó àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ní Nọ́wè, Peter Opsvik ya àga Tripp Trapp ní ọdún 1972, tí a ń gbé ìjókòó àti ibi ìfẹsẹ̀lé rẹ̀ sókè sódò bí ọmọ bá ti ń dàgbà, kí ọmọ lè bá àwọn òbí rẹ̀ jókòó nídìí tábìlì kan náà.

Ní Swídìn, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 17 kan, Ingvar Kamprad, dá òwò IKEA sílẹ̀ ní ọdún 1943. Ní 1948 ó bẹ̀rẹ̀ sí ta àga àti tábìlì. Ní ọdún 1956, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Gillis Lundgren, fẹ́ gbé tábìlì sínú mọ́tò, kò gba ibẹ̀. Ó tú ẹsẹ̀ tábìlì náà, ó gbé e lọ, ó sì tún tò ó nígbà tí ó délé. Láti inú ohun kékeré yìí ni àṣà kíkó ohun èlò ilé sínú páálí pẹlẹbẹ ti gbilẹ̀ nínú òwò náà. Owó ọkọ̀ fúyẹ́, owó ilé ìkẹ́rù fúyẹ́, olùrà fúnra rẹ̀ sì di káfíńtà ara rẹ̀. Láti ọdún 1987 tí wọ́n ti ṣí ilé ìtajà wọn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Warrington, àwọn ará wa tí ó wà lọ́hùn-ún náà ti mọ iṣẹ́ títo àga láti inú páálí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Àga tí a fi ọwọ́ hun ń gba àkókò, owó iṣẹ́ ní Dẹ́nmáàkì sì ga; nítorí náà àga ará ìlú ti ọdún 1947 ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò lè fọwọ́ kàn. Àtùpà tí ó yẹ kí ó tan ìmọ́lẹ̀ sórí tábìlì òṣìṣẹ́ wá di àmì pé onílé lówó lọ́wọ́. Ní ìdà kejì, ohun tí ó pọ́ọ́kú kì í ṣe láìsí ẹni tí ó ń san ìyókù owó rẹ̀. Ní ọdún 2012, IKEA jẹ́wọ́ pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n olóṣèlú ní Ìlà-Oòrùn Jámánì wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí ọjà rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ó sì sọ pé ó dun òun. Ní ọdún 2024, ẹ̀ka rẹ̀ ní Jámánì gbà láti san mílíọ̀nù mẹ́fà owó Yúrò sínú àpò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí ìjọba náà fìyà jẹ. Ẹni tí ó bá ra nǹkan pọ́ọ́kú yẹ kí ó máa bi ara rẹ̀ léèrè pé ọwọ́ ta ni ó ti jáde.

Kò sí ìdí tí àṣìlò ọlọ́jà yóò fi ba ẹ̀kọ́ olóye jẹ́. Èrò kì í ṣe ẹrù tí a ń san owó ẹnu ibodè lé lórí. Ẹni tí kò ní owó àtùpà PH lè mú ọgbọ́n PH lò.

OHUN TÍ A LÈ MÚ LÒ

Èkínní, kí á má ṣe jẹ́ kí iná máa wò wá lójú. Ọ̀rọ̀ yìí tún wá le sí i lónìí, nítorí gílóòbù olówùú irin tí àwọn ènìyàn ayé Henningsen mọ̀ ti ń lọ. Láti ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin mú un kúrò lọ́jà. Iná LED tí ó rọ́pò rẹ̀ ń jẹ iná díẹ̀, ṣùgbọ́n orísun ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré, ó sì ń ta gidigidi bí kò bá ní ìbòrí. Ìbòrí tí a fi raffia, aṣọ tàbí páànù ṣe, tí ó bá ti bo gílóòbù mọ́lẹ̀ kúrò lójú ẹni tí ó jókòó, tí kò sì sún mọ́ iná tí ó gbóná débi tí yóò fi jó, ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Èkejì, ìmọ́lẹ̀ kékeré níbi tí a ti ń lò ó sàn ju ìmọ́lẹ̀ ńlá kan lọ ní àárín àjà. Ọmọ tí ó ń kàwé nílò iná lórí ìwé rẹ̀, kì í ṣe lórí òrùlé. Bí ó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, kí iná wà ní apá òsì rẹ̀ kí òjìji ọwọ́ má ba à bo ohun tí ó ń kọ.

Ẹ̀kẹta, kí a tó sanwó àga, kí á jókòó lé e. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Kí etí ìjókòó má ṣe ha abẹ́ itan. Kí ẹ̀yìn rí ibi fara tì. Àga ńlá tí ó kún yàrá dé ẹnu ọ̀nà, tí àlejò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí ó ń gba inú igbó, lè fi owó hàn, ṣùgbọ́n kò fi ìsinmi hàn.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun yóò ṣí kúrò níbi tí òun wà ní kí káfíńtà rẹ̀ ṣe oríkèé tí a lè tú. Kí ó gbé ìwọ̀n yàrá rẹ̀, ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti ìwọ̀n ara àwọn tí yóò lò ó tọ káfíńtà náà lọ, kì í ṣe àwòrán inú ìwé ìròyìn nìkan. Káfíńtà tí ó gbọ́ ìwọ̀n àti ìdí rẹ̀ yóò ṣe ju èyí tí a kàn ní kí ó wo àwòrán kan ṣe é lọ. Bí àwọn ọ̀gá Copenhagen ti ṣe é fún bí ogójì ọdún nìyẹn: ẹni tí ó mọ ìwé àti ẹni tí ó mọ igi jókòó ti ara wọn.

Ohun èlò ilé kò ní kó ẹnikẹ́ni lọ sí ọ̀run, kò sì ní sọ tálákà di olówó. Ṣùgbọ́n wákàtí tí a ń lò lórí àga àti lábẹ́ iná pọ̀ ju èyí tí a ń lò ní ibi àríyá lọ. Kí ẹni tí ó wà ní ilé ara rẹ̀ ṣe é dáadáa; kí ẹni tí ó wà ní ilé àyágbé pẹ̀lú ṣe é dáadáa, nítorí ìgbà tí ó ń lò níbẹ̀, ìgbà ayé rẹ̀ ni.